Bí mo ṣe tún àyẹ̀wò ELISA ẹlẹ́dẹ̀ wa ṣe

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kíìtì ELISA wa (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi àwọ̀ hàn bí ohun tí a ń wá bá wà níbẹ̀) fi dà mí láàmú. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti Áfíríkà là ń yẹ̀ wò, a fẹ́ mọ̀ bóyá áńtíbọ́dì rẹ̀, ohun tí ara ń ṣe láti bá àrùn náà jà, wà nínú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ihò inú àwo oníhò 96 náà ló ń di yẹ́lò, bí ẹni pé áńtíbọ́dì wà níbẹ̀, títí kan ihò ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò ní áńtíbọ́dì kankan. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Àrùn yìí ò ní oògùn. Bí a bá ṣèèṣì sọ pé ó ti wọ ọgbà ẹnì kan, wọ́n lè pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀.

Mo fura sí ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́. Mo gba òmíràn, ibì kan náà la tún bá a.

Ìgbà tí mo gbé ìgò omi ìfọwo (omi oníyọ̀ kíki tí a máa ń là kí a tó fi fọ àwo náà) sókè sí ìmọ́lẹ̀ iná ni mo rí i: iyọ̀ ti dì sí ìdí rẹ̀ nínú fíríìjì. Omi òkè rẹ̀ nìkan là ń bù láti là. Iyọ̀ rẹ̀ ò pé, ìfọ̀ náà ò sì mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ihò máa di yẹ́lò.

Mo ki ìgò náà bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n 37°C, mo ń mì ín jẹ́jẹ́ títí gbogbo iyọ̀ fi yọ́. Lẹ́yìn náà ni mo bu mílílítà 50, mo fi mílílítà 950 omi tí kò ní iyọ̀ kankan là á, bí ìwé kíìtì tiwa ṣe wí. Lẹ́yìn ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo da àwo náà dé, mo gbá a mọ́ bébà tó ń fa omi.

Ihò tí kò ní áńtíbọ́dì mọ́ kedere. Èyí tó ní in nìkan ló di yẹ́lò.