Pápá Tó Wà Nínú Ìwé Tí Kò Sí Nílẹ̀: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Tún Ètò Ìgbafẹ́ Àdúgbò Ṣe

Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ṣiṣẹ́ káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ohun kan náà ló ń bí mi nínú. Àdúgbò á dáwó jọ, wọ́n á ní àwọn fẹ́ tún ètò ọlọ́dún mẹ́wàá lórí pápá ìṣeré àti ibi ìgbafẹ́ ṣe. Owó á tán sórí ìwé aláràbarà, wọ́n á gbé e lọ fún kábíyèsí, wọ́n á ya fọ́tò. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì á ṣì wà lójú títì. Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Èkíní: dída orúkọ pápá kọ láti inú ìwé àtijọ́. Èyí ló ń dùn mí jù, n ó sì sọ ọ́ dáadáa.

Ní ìlú kan ní Rẹ́mọ, pápá mẹ́rin ló wà nínú ìwé ètò àtijọ́. Ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ sínú tuntun, ó kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé, ó ní wọn yóò kọ́ ìjókòó sí ẹ̀kẹta. Wọ́n ti sanwó tán kí wọ́n tó pè mí. Mo ní kí á dìde, kí á lọ wò ó. Èkíní wà níbẹ̀. Èkejì ti di oko àgbàdo. Ní ti ẹ̀kẹta, nínú àgbàlá ìyá kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, ni a ti rí pílà sọ́fè rẹ̀, òkúta kọnkéré tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ máa ń rì sí ààlà. Ó ti ń pọ́n ọ̀bẹ lórí rẹ̀, orí pílà náà ti jẹ sínú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì hàn lábẹ́ èéfín. Nígbà tí a bi màmá léèrè, ó wọlé, ó mú rìsíìtì jáde nínú àpò ọ̀rá. Ó ra ilẹ̀, ó sanwó, kò jí nǹkan kan. Ẹ̀kẹrin ò tilẹ̀ yẹ ní sísọ.

Báwo ló ṣe ń rí bẹ́ẹ̀? Bàbá kan ló fi ẹnu lásán fi ilẹ̀ ẹbí jìn fún àdúgbò. Kò sí ìwé. Bàbá kú, àwọn ọmọ tà á. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ẹbí ló ṣì ń tà á nílẹ̀ wa. Pápá bọ́ọ̀lù tó péye jẹ́ mítà 105 ní òró, 68 ní ìbú. Pílọ́ọ̀tì tiwa, ẹsẹ̀ 60 sí 120, kò ju nǹkan bíi 670 mítà onígun mẹ́rin lọ. Èyí ni pé pápá kan lé ní pílọ́ọ̀tì mẹ́wàá. Ẹ ro iye tí pílọ́ọ̀tì mẹ́wàá ń lọ lónìí, kí ẹ tó gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ gba sọ́fè tuntun. Kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí àwọn ọ̀dọ́ ilé náà fọwọ́ sí i, torí àwọn ni yóò tà á lọ́la. Kí ẹ sì fi orúkọ ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Èmi náà da irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó sì ń dùn mí dòní.

Èkejì: iye ènìyàn. Ìkànìyàn 2006 la ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ẹ má gbára lé e láti mọ iye ọmọ tó wà ládùúgbò, ẹ lọ yẹ rẹ́jísítà ilé-ìwé wò.

Ẹ̀kẹta: ìpàdé ààfin nìkan. Àwọn bàbá wa á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀, ó tán. Ta ló lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà? Mo jókòó ti ìyá kan nídìí ata rẹ̀ ní Òkè-Àjẹ, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní iná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni òun ń fẹ́, pé bí kò bá sí méjèèjì, ọmọbìnrin òun ò ní dé pápá kankan lẹ́yìn aago mẹ́fà. Nínú gbogbo ìpàdé ààfin tí mo ti bá wọn ṣe, ẹnì kan ò mẹ́nu ba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba, ọdún ńlá Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹṣin, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́: mo fẹ́ràn rẹ̀, n kì í pa á jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń ṣètò bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni Ojúde Ọba, àga olówó iyebíye àti ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan ni wọ́n ń kà. Láti ìgbà tí Remo Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Rẹ́mọ, ti gba líìgì Nàìjíríà ní 2025, ìgbìmọ̀ tí mo bá pàdé ń béèrè sitádíọ̀mù. Níbo ni ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tí dókítà ní kó máa rìn yóò ti máa rìn?

Igi odán tí àwọn bàbá ń ta ayò lábẹ́ rẹ̀, ibi ìgbafẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò, ẹ má gé e.

Ẹni tí yóò máa gé koríko, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí owó rẹ̀ yóò ti máa wá, kí ẹ tó ra jáńgílọ́fà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo ìgbìmọ̀ sì ń lọ wo ilẹ̀, torí ọ̀nà gbẹ. Mo mọ ilẹ̀ kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kejì. Nígbà tí mo débẹ̀ ní oṣù kẹfà, omi dé orúnkún mi, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níbi tí wọ́n fẹ́ gbé ojú ilé bọ́ọ̀lù sí. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú àdá, kí ẹ lè rí pílà. Kí ẹ tún padà lọ ní oṣù kẹfà, pẹ̀lú bàtà òjò.