Bí A Ṣe Ń Fi Kéréètì Ẹyin Kọ́ Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi ní Òǹkà Yorùbá

Ní Kubwa níbí, ní Àbújá, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún tí mò ń kọ́ ń gbọ́ Yorùbá nílé, Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, Hausa lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò. Wọn a ka oókan dé ẹ̀wá láìkọsẹ̀. Bó bá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ahọ́n á lọ́. Ẹnu nìkan la fi kọ́ wọn, ọwọ́ wọn kò tíì mọ ohun tí ẹnu ń sọ.

Ẹ wá kéréètì ẹyin oníke kan. Ihò 30 ló ní, ìlà 6, ihò 5 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ìlà 2 kúrò, kó ku ihò 20, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù bo etí ibi tí ẹ gé. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ sá a sóòrùn, nítorí ìgbẹ́ adìyẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Oní páálí kò ṣeé fọ̀, n kì í jẹ́ kó wọ kíláàsì mi.

Ẹ kó ìdérí ìgò omi oníke 20 jọ. Bí wọ́n bá ṣe ìkómọ ní àdúgbò yín, ẹ ó rí i kó. Ìdérí onírin ti ìgò mínírà lè ya ọmọ lọ́wọ́. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà nítòsí, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, kó má bàa há a lọ́fun.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má kọjá ẹ̀wá. Ọmọ á fi ìdérí kan sínú ihò kan, á sì dárúkọ rẹ̀. Bí ìlà kan bá kún, àrún ni. Ìlà méjì, ẹ̀wá. Ẹ jẹ́ kó tú u dànù, kó tún un ṣe títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni kó fi ọ̀kan lé ẹ̀wá: mọ́kànlá. Ẹ máa bá a bọ̀ títí dé mẹ́rìnlá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ nìyí. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan lé mẹ́rìnlá. Ẹ ní kí ọmọ kún ihò gbogbo, kó pariwo ogún. Kó wá kó ìlà ìkẹyìn kúrò pátápátá. Márùn-ún ti dín ní ogún: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó dá ọ̀kan padà, kó fi ìka kan ihò mẹ́rin tó ṣófo: mẹ́rìndínlógún. Kó tún dá ọ̀kan padà: mẹ́tàdínlógún. Béèyàn bá rí ojú ọmọ nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ “dín” nínú ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí, ó tó ohun tí à ń dúpẹ́ sí.

Ọmọ tó gbọ́ Hausa á sọ pé “goma sha shida”, ẹ̀wá àti ẹẹ́fà. Ẹ má bá a wí. Kéréètì kan náà ni wọ́n jọ ń wò: Hausa ń ka ihò tó kún, Yorùbá ń ka èyí tó ṣófo.

Fún kíkọ iye sílẹ̀, yanrìn tí a sẹ́ sínú tìréè fẹ̀ẹ̀rẹ̀ ti tó. Ìka ni kí wọ́n fi kọ ọ́ kí pẹ́ńsù tó dé.

Ní ìparí, ẹ tẹ́ òwú tútù sínú ihò 20 náà, kí àwọn ọmọ lè gbin ẹ̀wà kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ẹni tó ta ẹ̀wà bóyá ó foògùn kòkòrò sí i. Bó bá fi sí i, ẹ wá òmíràn. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ sì há a fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ọmọdé lè tì í bọ imú. Lásìkò ọyẹ́, òwú á ti gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó yẹ kí ó ti máa hù. Kí wọ́n máa kà á ní àràárọ̀. Bí méjì bá kọ̀ tí kò hù, ẹ dákẹ́ fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni yóò pè é ní méjìdínlógún.