Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá nọ́ńbà ńlá kan jẹ́ práìmù

Práìmù ni nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín in tán láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, bíi 7, 13 àti 31. Ní ọdún 2024, Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, rí ọ̀kan tó ní díjíìtì 41,024,320. Kò sẹ́ni tó lè máa fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pín irú èyí wò. Àmọ́ bírò àti bébà tó láti ṣe irú ìdánwò tí wọ́n fi jẹ́rìí sí i, bí a bá mú nọ́ńbà kékeré.

Ẹ kọ 2 lẹ́ẹ̀meje, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 128. Ẹ yọ 1 kúrò, ó ku 127. Irú nọ́ńbà báyìí là ń pè ní nọ́ńbà Mersenne, orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Faransé. Iye 2 tí ẹ kọ, ìyẹn 7, gbọ́dọ̀ jẹ́ práìmù tó ju 2 lọ.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ẹ fi lọ́po ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ fi 127 pín in, kí ẹ mú èyí tó ṣẹ́kù nìkan. Òun lẹ ó tún lò. Nítorí pé 7 la lò, ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ó ṣe é: 7 dín 2.

4 × 4 dín 2: 14.
14 × 14 dín 2: 194, ó ku 67.
67 × 67 dín 2: 4487, ó ku 42.
42 × 42 dín 2: 1762, ó ku 111.
111 × 111 dín 2: 12319, ó ku 0.

Òdo ló parí sí, práìmù ni 127. Ẹ má gbàgbé yíyọ 2 o. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ bá fò ó, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pípín yẹn. Ẹ má fi 127 pín, 128 ni kí ẹ lò. Nínú 4487, 128 wọ̀ ọ́ lọ́nà 35, ó ku 7. Ẹ ro 35 mọ́ 7: 42 náà nìyẹn! Ìdí ni pé 127 kan àti 1 ló wà nínú 128 kọ̀ọ̀kan. Tí a bá kó àwọn 127 kúrò, 1 kọ̀ọ̀kan ló kù. Kọ̀ǹpútà sì rèé, 2 ló fi ń ka gbogbo nǹkan. Kò nílò láti pín rárá: á gé nọ́ńbà náà sí méjì, á ro wọ́n pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń wá práìmù ńlá fi ń wá a láàárín nọ́ńbà Mersenne.

Ẹ gbìyànjú 2047, tí í ṣe 2 lẹ́ẹ̀mọ́kànlá dín 1. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́sàn-án, 1736 lẹ ó bá níbẹ̀, kì í ṣe òdo. Lóòótọ́, 23 × 89 ni, ṣùgbọ́n ìdánwò wa kò sọ 23 tàbí 89 fún wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Lucas, ará Faransé, ṣe mọ̀ ní 1876 pé 2⁶⁷ − 1, ìyẹn 2 tí a kọ nígbà 67, tí a sọ di púpọ̀, dín 1, kì í ṣe práìmù. 1903 ni Cole, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, tó fi nọ́ńbà méjì tó bí i hàn: 193,707,721 àti 761,838,257,287.

Nọ́ńbà Durant ni 2 tí a kọ nígbà 136,279,841, tí a sọ di púpọ̀, dín 1. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò bẹ̀rẹ̀ láti 4 bíi tiwa, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà ṣe é nígbà 136,279,839, òdo ló sì kù.