Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Ẹ̀gbọ́n Tó Ní Òfin Ìjọba Ò Kan Àwọn Sọ̀rọ̀

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà tó ti ń fi fídíò da gbogbo ẹbí láàmú lórí WhatsApp, pé àwọn ò san owó orí mọ́, pé orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ sórí bátì sátífíkéètì kì í ṣe àwọn, èèyàn orí bébà lásán ni, ìjọba sì ti kó owó rẹpẹtẹ pa mọ́ sí àkáǹtì kan lórúkọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì pè wọ́n ní "sovereign citizen" (ẹni tó ní òfin ìjọba ò mú òun), ẹ má sì pè wọ́n ní wèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbà pé orúkọ àwọn nìyẹn, tẹ́ ẹ bá ti pè é báyìí ọ̀rọ̀ ti tán, wọ́n á ní ẹrú ìjọba lẹ̀yin náà.

Ìjọba gan-an ti fi orúkọ pípè sílẹ̀. Àwọn IRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, máa ń kọ "illegal tax protester" (ẹni tó ń fi ọ̀nà àìtọ́ ta ko owó orí) sórí fáìlì èèyàn tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fòfin dá wọn dúró lọ́dún 1998. Orúkọ yẹn lọ, owó orí ò bá a lọ o.

Bébà òfin tàbí ẹjọ́ tí fídíò náà ń sọ ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n mú wá, kì í ṣe fídíò. Ẹ jọ kà á dópin. Wọ́n fẹ́ràn ẹjọ́ Cheek, awakọ̀ òfuurufú tí kò san owó orí, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ ẹ̀bi ẹ̀ lọ́dún 1991. Lóòótọ́ ilé ẹjọ́ ní téèyàn bá ṣi òfin lóye látọkàn wá, kò mọ̀ọ́mọ̀ rú u, àmọ́ wọ́n tún ní kéèyàn kàn gbà pé òfin owó orí ò bá kọ́nsítúṣọ̀n mu, ìyẹn kì í ṣe àwáwí. Wọ́n tún ẹjọ́ ẹ̀ gbọ́, ó sì jẹ̀bi. Ibi tí fídíò kì í dé nìyẹn. Wesley Snipes, òṣèré fíìmù tí gbogbo wa mọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni wọ́n dá fún un lọ́dún 2008 torí ọ̀rọ̀ owó orí.

Ti ìlú ọba náà wà. Lásìkò kòrónà, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn pé Article 61 inú Magna Carta, ìwé àdéhùn àtijọ́ láàárín ọba Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn ìjòyè ẹ̀, gba àwọn láyè láti ṣí. Àwọn ìjòyè 25 péré ni wọ́n kọ ọ́ fún lọ́dún 1215, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò lọ́dún 1216!

Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n, ohùn pẹ̀lẹ́, ta ló ta fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fẹ́ fi ta ko owó orí yìí fún yín, eélòó? Adájọ́ Rooke ní Kánádà sọ ọ́ lọ́dún 2012 nínú ẹjọ́ Meads (ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ni o) pé àwọn tó ń ta irú nǹkan yìí ló ń jèrè.

Tí fọ́ọ̀mù bá ti fẹ́ jáde nílé, ẹ yára. IRS lè bu $5,000 lé orí fọ́ọ̀mù owó orí jákujàku kan ṣoṣo, téèyàn bá sì lọ fi ìwé gbèsè irọ́ lé dúkìá adájọ́ ìjọba àpapọ̀ lórí, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10 ni. Ẹni tó jẹ́ green card ló fi ń gbé, kó rí lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kó tó fọwọ́ sí nǹkankan.

Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, gbèsè ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀, ẹ wádìí iye tó jẹ́. IRS máa ń gbà kéèyàn san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, àwọn Low Income Taxpayer Clinic sì wà fún ẹni tí owó ẹ̀ ò tó gba lọ́yà.