Kókó Inú Ilé-Ẹyin: Kì í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin ìyá wa l'Ékìtì, bí ìró bá ń há mọ́ yín nídìí, tí ikùn ń ga, tí kì í sì í ṣe oyún, ẹ má dúró di ẹ̀yìn ìkórè iṣu kí ẹ tó lọ ṣàyẹ̀wò. Bí wọ́n bá sì ní kókó wà ní ilé-ẹyin yín, ẹ má rò pé ikú ti dé.

Èyí tó jẹ́ àpò omi lásán sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta lára ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù. Bí dókítà bá ní kí ẹ padà wá ya àwòrán inú, ẹ padà lọ.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí ni irú kókó tí wọ́n ń pè ní dermoid. Bí wọ́n bá là á, ọ̀rá dídì bí òrí ni wọ́n ń bá níbẹ̀, pẹ̀lú irun tó lọ́ mọ́ra, nígbà mìíràn eyín gan-an. Ẹnìkan á ní ayé ló fi sí i, wọ́n á tọ́ka sí ìyá ọkọ. Irọ́ ni! Ohun tó ń di ẹyin lára obìnrin ní agbára láti di awọ, irun àti eyín. Nígbà mìíràn ó kàn ń dàgbà fúnra rẹ̀, láìsí àtọ̀ ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó rán an. Mo bẹ yín, ẹ má ba orúkọ arúgbó kankan jẹ́ nítorí rẹ̀.

Fibroma, irú kókó ilé-ẹyin mìíràn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ní tirẹ̀ le koko. Ó lè fa omi sínú ikùn àti sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, kí èèyàn rò pé jẹjẹrẹ ti ràn káàkiri ara. Ní 1937, Meigs àti Cass ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa irú obìnrin bẹ́ẹ̀ méje: bí wọ́n bá yọ kókó náà, omi á gbẹ.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA-125, tí wọ́n máa ń ṣe bí wọ́n bá ń fura sí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin, nìkan kò tó dájọ́; nǹkan oṣù, oyún, fáíbírọ́ọ̀dù àti ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ikùn lè gbé e sókè. Láàbù tó yẹ kókó náà wò ló lè sọ pàtó. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bímọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè yọ kókó kí wọ́n fi ilé-ẹyin sílẹ̀.

Jẹjẹrẹ wà lóòótọ́, pàápàá lára ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Agbo kò lè yọ ọ́.

Bí ìrora bá gún ìsàlẹ̀ ikùn lójijì lápá kan, tí èébì tẹ̀lé e, ilé-ẹyin tí kókó wà lára rẹ̀ lè ti lọ́ pọ̀ bí okùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ wọ́ ikùn náà. Lóru tàbí lọ́sàn-án, ẹ wá mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó.