Bí mo ṣe fi Yorùbá sí abẹ́ fíìmù Seppuku fún màmá mi, tí ₦45,000 mi sì bómi lọ

₦45,000 ni mo san fún bọ̀bọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kó bá mi kọ subtitle Yorùbá sí fíìmù kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ ohun tí mo gbà padà. Màmá mi jókòó, wọ́n wọ dígí wọn, iná wà, ẹ̀pà wà nínú abọ́, ọ̀gbẹ́ni kan nínú fíìmù rìn wọ ilé ìjòyè ńlá kan, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun láàyè nínú àgbàlá wọn, ohun tó sì jáde nísàlẹ̀ ni "mo fe la ikun mi nibi". Màmá yọ dígí. "Ó fẹ́ ṣe kí ni?" Wọ́n wọ̀ ọ́ padà, wọ́n tún un kà. "Ó fẹ́ lá ikun? Ikun imú? Nínú ilé onílé? Ṣé kò ní aṣọ ìnujú ni?"

Ikùn ni o. Ikùn tó wà lára èèyàn. Ọkùnrin náà fẹ́ fi idà la ikùn ara rẹ̀, ohun tí àwọn ará Japan ń pè ní seppuku nìyẹn, orúkọ fíìmù náà gan-an sì nìyẹn. Bọ̀bọ́ yìí ò fi àmì kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀ kankan, ìṣẹ́jú 133 gbáko, kò sí mí, kò sí dò, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ tàbí lábẹ́ ọ. Mo pè é. Ó ní "bọ̀ọ̀dá, gbogbo èèyàn ló ń kà á bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp". Owó mi dà? Ó ní iṣẹ́ ti parí.

Kí ẹnì kan tó pè é ní fíìmù Ṣáínà (torí ládùúgbò wa níbí, ohunkóhun tí idà bá ti wà nínú ẹ̀ tí wọn ò bá sọ Òyìnbó, Ṣáínà ni), Japan ni o. Masaki Kobayashi ló darí ẹ̀, iléeṣẹ́ Shochiku ló gbé e jáde ní 1962, ìgbìmọ̀ adájọ́ àjọ̀dún fíìmù Cannes sì fún un ní ẹ̀bùn pàtàkì ní 1963. Bí ẹ bá ti dárúkọ fíìmù Japan ayé ìgbà yẹn, Kurosawa olùdarí àti Mifune òṣèré ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ pariwo, mi ò bá wọn jà, àmọ́ Tatsuya Nakadai tó ṣe Hanshiro nínú èyí, ìyẹn ọkùnrin tó fẹ́ la ikùn yẹn, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n ya á, bàbá tó ti ní ọmọ ọmọ ló sì ṣe, ẹ ò ní fura rárá. Ohùn ẹ̀ nìkan ti tó.

Ọdún 1630 ni ìtàn yẹn, ní Edo tí a ń pè ní Tokyo lónìí. Ogun ti tán, ìjọba ti tú ilé àwọn ìjòyè kan ká, ebi wá ń pa àwọn sàmúráì, jagunjagun ilẹ̀ Japan, tí ò rí ọ̀gá sìn mọ́. Àwọn kan nínú wọn bá dá ọgbọ́n kan, wọ́n á lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá, wọ́n á ní àwọn fẹ́ la ikùn níbẹ̀, onílé á bá fún wọn lówó kí wọ́n máa lọ. Ilé Iyi wá pinnu pé àwọn máa fi ẹnì kan jófin. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Motome ló bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn nílé, ó ti ta irin idà ẹ̀, oparun ló wà nínú àkọ̀. Wọ́n ní oparun yẹn náà ni kó fi la ikùn. Hanshiro, bàbá ìyàwó ẹ̀, ló wá dé ilé yẹn lẹ́yìn náà.

Mo mọ̀ pé mo ti sọ ibi tó dùn níbẹ̀, fíìmù 1962 ni, ẹ má bínú.

Kí ló dé tí mo fi fẹ́ kí màmá mi wò ó? Orókún ń dùn wọ́n, wọn ò jáde mọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n bá ti wo fíìmù ayé ìsinsìnyí wọ́n á ti sọ bó ṣe máa parí. Wọn ò gbọ́ Òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bẹ́ ẹ bá fún wọn ní Yorùbá tó ní àmì, wọ́n á kà á ju èmi lọ, Aláwíyé àti Bíbélì ló tọ́ wọn dàgbà. Ìyẹn ni bọ̀bọ́ WhatsApp yẹn ò mọ̀. Ẹni tó bá fi àmì kọ́ ìwé kíkà, bẹ́ ẹ bá yọ àmì kúrò, ńṣe lẹ fọ́ ọ lójú.

Mo bá ní màá ṣe é fúnra mi.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí dísìkì. Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á wá láti Houston, Blu-ray, ẹ̀rọ tó wà nílé mi kọ̀ ọ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Àṣé wọ́n pín ayé bí ẹni pín ẹran, Amẹ́ríkà àti Japan wà ní A, àwa Áfíríkà wà pẹ̀lú Yúróòpù ní B. Mo tún ra dúráìfù tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Owó lórí owó. Bí èèyàn ṣe ń fi àkókò sí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú subtitle, ẹ lọ wo YouTube, ọmọdé lè ṣe é.

Ìtumọ̀ gan-an, ẹ jẹ́ n yangàn díẹ̀. Mi ò gbọ́ Japanese, Òyìnbó tó wà lórí dísìkì ni mo fi ṣe é, àmọ́ mo rí nǹkan tí Òyìnbó yẹn ò lè gbé. "Sàmúráì" ni mo kọ́kọ́ ń kọ, ó ń le lẹ́nu, mo wá rántí ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn! Bó ṣe wọlé ni gbogbo ìlà rọrùn. Orúkọ ilé ńlá yẹn wá ńkọ́? Iyi ni wọ́n kọ ọ́ nínú Òyìnbó, mi ò fọwọ́ kàn án, mi ò fàmì sí i, mo mọ bí màmá ṣe máa kà á. Ilé tí gbogbo wàhálà ẹ̀ jẹ́ torí iyì, tó ń jẹ́ Iyi. Tí wọ́n bá ní kí n wá orúkọ fún un, mi ò lè rí èyí tó jù ú lọ.

Èkejì ni "ẹ" àti "o". Nínú Òyìnbó, "you" ni gbogbo wọn, ẹrú, ọ̀gá, ẹni tó fẹ́ kú, ẹni tó fẹ́ pa á. Èmi ní láti mọ ta ló ń bọ̀wọ̀ fún ta. Mo máa ń pa ohùn, màá máa wo bí wọ́n ṣe tẹrí ba, màá wo ibi tí ọwọ́ wà. Hanshiro ń fi "ẹ" bá Kageyu tó jẹ́ olùdámọ̀ràn àgbà ilé yẹn sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, fún ohun tó lé ní wákàtí kan, títí dórí ibi tó ti ju ìdì irun tó ti gé kúrò lórí àwọn ọmọ iṣẹ́ ilé náà mẹ́ta sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Láti ibẹ̀, mo yí i sí "o". Ìyẹn dùn mọ́ mi ju owó oṣù lọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo ti parí, mo ti ń fi ẹsẹ̀ jó. Mo da fáìlì sórí flash, mo kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

Àpótí. Àpótí onígun mẹ́rin kéékèèké, láti ìlà kìíní. "Ẹ̀ṣọ́" di àpótí, ṣ, àpótí. Níbi tí kò ti sí àpótí, àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà ẹ̀, ó lọ bà lórí èyí tó tẹ̀lé e bí eṣinṣin. Orí gbígbóná wo ló tó yẹn? Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó mọ́ roro. Mo tún un dà, àpótí. Mo yí fáìlì padà sí ANSI, ọ̀nà àtijọ́ kan tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, torí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò kan (kí Ọlọ́run dá sẹ̀ríà fún un), gbogbo ẹ̀ wá di àmì ìbéèrè. Odindi fíìmù ń bi mí léèrè. Mo dá a padà sí UTF-8, ọ̀nà tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, àpótí padà dé.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. Ohun tí mo wá rí nìyí, ẹ fetí sílẹ̀ torí kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún yín. Kọ̀ǹpútà mọ é, ó mọ è, ó mọ ẹ, ìkọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà tiẹ̀. Àmọ́ ẹ́ tó ní nǹkan lábẹ́ tó tún ní àmì lórí, wọn ò fún un ní nọ́ńbà kankan, kì í ṣe nǹkan kan, méjì tí wọ́n tò lé ara wọn ni, fọ́ńtì (ìyẹn àkójọ àwòrán lẹ́tà) ló máa mọ bó ṣe máa gbé ọ̀kan lé èkejì. Fọ́ńtì inú tẹlifíṣọ̀n mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ṣe tẹlifíṣọ̀n tó ń dá èèyàn lóhùn, tó mọ ohùn mi yàtọ̀ sí ti ọmọ mi, kò mọ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ìyẹn nìkan kọ́. Mo ti fi fóònù tẹ ìdajì iṣẹ́ náà nínú ọkọ̀, mo fi kọ̀ǹpútà tẹ ìyókù. Nígbà tí mo wá fẹ́ wá gbogbo "ẹ̀ṣọ́" kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì péré ló rí. Ìdajì tó kù wà níwájú mi, mò ń fojú ara mi wò ó, ó ní kò sí. Fóònù ti kọ́kọ́ gbé àmì ohùn kalẹ̀ kó tó fi tìsàlẹ̀ sí i, kọ̀ǹpútà ṣe é lódì kejì. Lójú èèyàn, ìkan náà ni wọ́n, lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọwọ́ ni mo fi wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní aago méjì òru. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí màmá fi jí, wọ́n ní ṣé olè ni.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni pé kí n yéé bẹ tẹlifíṣọ̀n. Mo gbé iṣẹ́ náà wọ Aegisub, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe subtitle, mo yan fọ́ńtì Charis SIL tó mọ Yorùbá dáadáa, lẹ́yìn ìyẹn mo fi HandBrake, ètò tó ń yí fídíò padà, jó ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara àwòrán pátápátá, kó má sí ohun tí tẹlifíṣọ̀n fẹ́ kà mọ́, kó ṣáà máa gbé àwòrán jáde. Wákàtí mẹ́fà ni láptọ́ọ̀pù mi fi jó o. Àkọ́kọ́, wọ́n mú iná lọ nígbà tó dé ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún, bátìrì mi ti kú láti ọdún tó kọjá, gbogbo ẹ̀ ṣòfò. Ìkejì, jẹnẹrétọ̀, mi ò fẹ́ ka owó epo.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ohun èlò kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ dán ìlà márùn-ún wò lórí tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ tó kọ ẹgbẹ̀rún. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Seppuku bíi tèmi, ọ̀rọ̀ ni gbogbo ẹ̀, ọkùnrin kan jókòó sórí ẹní ó ń pìtàn. Kaneto Shindo ní fíìmù kan ní 1960 tí wọ́n ń pè ní Hadaka no Shima, tọkọtaya tó ń ru omi lọ sórí erékùṣù, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni ì bá gbà mí. Kẹ́ ẹ sì tún ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tó jáde ní iléeṣẹ́ fíìmù Nikkatsu láti ìparí 1971, tẹlifíṣọ̀n ti gba òǹwòran lọ́wọ́ wọn, iléeṣẹ́ Daiei ti wọ gbèsè pa lọ́dún yẹn, Nikkatsu bá kọjú sí fíìmù ìhòòhò. Kì í ṣe ohun téèyàn ń bá màmá ẹ̀ wò.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá la wò ó. Fíìmù yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù ogun baba ńlá ilé Iyi, ó jókòó nínú òkùnkùn, kò sí èèyàn nínú ẹ̀, ìwo lórí akoto. Màmá ní "Eégún ilé wọn nìyẹn." Mi ò tíì ronú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, mo ti wo fíìmù yìí tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ìparí nígbà tí Hanshiro tí ẹ̀jẹ̀ ti bò gbé ẹ̀wù yẹn sókè, tó sì là á mọ́lẹ̀, wọ́n bo ẹnu, "Yéè! Ó ti ṣí aṣọ lójú eégún wọn." Wọn ò fọwọ́ kan ẹ̀pà láti ìgbà tí oparun ti jáde.

Mo wá ń retí kí wọ́n yìn mí. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí n padà síbì kan. Ibi tí àwọn ará ilé Iyi ti ń rán Motome létí pé ẹ̀ṣọ́ kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà, mo ti fi òwe sí wọn lẹ́nu níbẹ̀, "ikú yá ju ẹ̀sín", òwe tí mo fi ń yangàn fún ìyàwó mi. Wọ́n ní mo ṣi òwe lò. "Ẹni tó fẹ́ kú ló ń pa á fún ara ẹ̀. Wọn kì í pa á fún ọmọ ọlọ́mọ."

Mo jiyàn díẹ̀. Mo tún gbé láptọ́ọ̀pù. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ kì í yẹ̀" ni mo fi rọ́pò ẹ̀, ìlà kan péré, wákàtí mẹ́fà. Bí mo ṣe ń tẹ èyí ó wà ní 62, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé, màmá ti sùn.