Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Kànga Dẹ̀rọ Sílé ní Àkúrẹ́

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, kànga àfọwọ́gbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, àwọn ọmọ á sì máa ru kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń kó owó jọ láti gbẹ́ kànga dẹ̀rọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní bóhòólù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni, ilẹ̀ wa sì le. Bí ẹ kò bá mú nǹkan mìíràn nínú ìwé yìí, ẹ mú èyí: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó pe ẹni tó máa gbẹ́ ẹ.

Nílé bàbá mi, a kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a pè mú igi ẹlẹ́ka méjì lọ́wọ́, ó rìn yí ilé po, ó ní ibí ni omi wà. Wọ́n gbẹ́ ẹ wọ mítà 60. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, eruku bí eérú ló ń tú jáde; ó bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó bo aṣọ tí ìyá mi sá, ẹ̀kán omi kan kò yọ. Gbogbo mítà náà la sanwó rẹ̀.

Àpáta ló wà lábẹ́ Àkúrẹ́, ẹbí àwọn òkè tí ẹ ń rí ní Ìdànrè. Àpáta tó dì gbagidi kì í gba omi sára. Ibi méjì ni omi ń sá pamọ́ sí: ara àpáta tó ti jẹrà di yanrìn, àti ojú ibi tí àpáta ti là. Èyí ló fà á tí ilé kan á fi ní omi púpọ̀ tí ti aládùúgbò rẹ̀ á gbẹ táútáú. Ilẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìgbókọ̀dá yàtọ̀, yanrìn ni tiwọn. Ti Àkúrẹ́, Ìdànrè, Ondo àti Ọ̀wọ̀ ni mo ń sọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí a bá ṣáà ń jìn sí i, a ó kan omi. Lórí àpáta, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń jìn tó ni ìwúwo ilẹ̀ tó wà lókè ń pa ojú ibi tó là dé. Iye mítà ni wọ́n sì fi ń gba owó. Bí wọ́n bá ti wọnú àpáta tútù, ìyẹn èyí tí kò tíì jẹrà tí kò sì là, láti ìgbà pípẹ́ tí nǹkan kan kò yí padà, ẹ ní kí wọ́n dúró, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀.

Yíyẹ ilẹ̀ wò

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà á kan èèkàn irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, á so wáyà mọ́ wọn, á rán iná díẹ̀ gba inú ilẹ̀, ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ á sì sọ bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná náà lọ́nà tó. Àpáta tútù ń dí i gan-an. Èyí tó jẹrà tó mu omi ń jẹ́ kó kọjá. Amọ̀ náà ń jẹ́ kó kọjá, bẹ́ẹ̀ amọ̀ kì í tú omi sílẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ti ṣe é pẹ́ ló yẹ kó wà.

Ẹ wo èèkàn méjì ti ìta. Bí wọ́n bá ṣe ń jìnnà síra ni ẹ̀rọ ń rí ìsàlẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán láàárín plọ́ọ̀tì kan, tí kò na wáyà dé ojú títì, òkè ilẹ̀ nìkan ló wò.

Kànga gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán mítà 30 jìnnà sí ṣọ̀kàwéè àti ṣáláńgá, tiyín àti ti aládùúgbò. Kó sì wà lápá òkè wọn, má jẹ̀ẹ́ kó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀, nítorí inú àpáta tó là, ìdọ̀tí ń sáré ju bó ṣe ń sáré nínú yanrìn lọ. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọ táńkì tí ẹ fi ń fọ́n oògùn nítòsí rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ

Oṣù Kejì sí ìkẹta ló dára jù. Omi tí ẹ bá kàn nígbà tí ilẹ̀ gbẹ jù lọ ni omi tí ẹ lè fọkàn tán. Ẹ wọn gígùn ọ̀kan nínú àwọn pọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, kí ẹnì kan nínú ilé jókòó ka iye tó ń wọlẹ̀; ẹ ó mọ iye mítà tí ẹ ń sanwó fún. Kó kọ ibi tí àwọ̀ eruku ti yí padà àti ibi tí omi ti kọ́kọ́ tú sílẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ ni kí wọ́n rọ yí páìpù ká, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì dí òkè rẹ̀ pinpin kí àgbàrá má baà bá a wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi atẹ́gùn fẹ́ inú kànga náà títí omi á fi mọ́ gaara.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 síbi tí omi ti ń tú jáde. Bó bá ń kún ní ìṣẹ́jú àáyá 40 fún wákàtí mélòó kan láìdínkù, lítà 1,800 nìyẹn ní wákàtí kan. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́jọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 50 lóòjọ́ kò nílò ju lítà 400 lọ. Kò pé ìṣẹ́jú 15 tí yóò fi wọ táńkì. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ta súmò ńlá, ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú kànga, fún yín. Èyí tó bá ju agbára kànga lọ á fa omi tán, á máa yí lófìfo, á sì jó.

Omi inú rẹ̀

Omi tó mọ́ lójú lè ní àrùn. Ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kí ẹ tó mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kòkòrò E. coli kò gbọ́dọ̀ sí rárá nínú mílílítà 100 omi mímu. Títí èsì á fi dé, ẹ sè é kó hó dáadáa.

Bí omi bá mọ́ nígbà tí ẹ fà á, tó wá ń pọ́n nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ń ba aṣọ funfun jẹ́, ìdógùn-ún irin ni. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kó sinmi, kí ẹ fi yanrìn tó mọ́ sẹ́ ẹ.

Bí ilẹ̀ bá kọ̀

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ilẹ̀ yín kò ní omi, ẹ má fi tipátipá gbẹ́ ẹ. Ẹ bá aládùúgbò tí ilẹ̀ rẹ̀ dára sọ ọ́, kí ẹ dá owó pọ̀. Ẹ sì má fojú kéré òjò. Òjò mílímítà 10 lórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 10 níbùú àti mítà 10 lóròó jẹ́ bíi lítà 1,000. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku àti imí ẹyẹ kúrò lórí páànù ná, kí ẹ tó darí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sínú táńkì, kí ẹ sì bò ó kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.